Wọ́n ní oògùn modafinil yìí ń jẹ́ kí ọpọlọ mú. Ṣé kí n lò ó?

Ìyá Ìbejì Leeds
Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbà mí o. Másítáàsì ni mò ń kà níbí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ku ọ̀rọ̀ 12,000 tí mo gbọ́dọ̀ kọ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Lóru àná, mo sùn lé kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo jí, lẹ́tà j nìkan ló kún ojú ìwé mẹ́rin. Ọmọbìnrin tá a jọ ń gbélé rí mi, ló bá fún mi ní káàdì oògùn kan tó ku hóró mẹ́rin: modafinil, 200 mg. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á, ó ní gbogbo kíláàsì àwọn ló ń lò ó. Ọkọ mi ní Ìbàdàn ní mi ò gbọ́dọ̀ dán an wò, àmọ́ ọkọ mi kì í lo Panadol pàápàá, mi ò lè gbára lé tiẹ̀. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kò ní ṣe mí ní nǹkan?

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Àwọn tí oorun ń gbé lọ lójijì lọ́sàn-án gangan nítorí àìsàn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998. Láti 2010 ni Yúróòpù ti ní kí wọ́n má kọ ọ́ fún ẹlòmíì mọ́. Ó ń lé oorun, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ojú tó là kì í ṣe ọpọlọ tó mú. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde jáde lórí èèyàn 40 tí ara wọn le. Wọ́n fún wọn ní modafinil, Ritalin àti oògùn amphetamine kan lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ (méjì tó kẹ́yìn yẹn, àwọn tí ọkàn wọn kì í pa pọ̀ ni wọ́n ń kọ wọ́n fún), wọ́n wá ní kí wọ́n yan ẹrù tó níye lórí jù sínú àpò tó níwọ̀n. Wọ́n ṣe wàhálà gan-an, wọ́n pẹ́ nídìí ẹ̀, síbẹ̀ iye ẹrù tí wọ́n kó jọ kò tó ti ọjọ́ tí wọ́n gbé hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú mì.

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: ṣé ẹ ń ṣe ìfètòsọ́mọbíbí? Modafinil ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí dànù, kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìbáà ṣe oníhóró tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dá modafinil dúró, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún oṣù méjì. Modafinil sì lè ṣàkóbá fún ọmọ inú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mo ti lò ó nígbà ìdánwò ACCA, ìyẹn ti àwọn oníṣirò owó. Aago méje àárọ̀ ni mo gbé e mì. Mo ní kí n kọ́kọ́ to fóldà orí kọ̀ǹpútà díẹ̀ kí n tó kàwé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo tó gbójú sókè! Mo ti ń yí orúkọ fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 600. Ebi ò pa mí, mi ò mumi, orí mi wá ń lù kì-kì-kì bí odó. Lóru, àjà ni mò ń wò. Ohun tẹ́ ẹ bá kọjú sí nígbà tó bá wọlé ló máa so yín mọ́.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ẹ ò lè sùn kẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 15, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára.

Bàbá Ṣàgámù
Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, nígbà tiwa, obì gbànja lẹ́nu, ẹsẹ̀ nínú bàsíà omi tútù. Èmi tún sùn, bàsíà dànù, ìwé ọ̀rẹ́ mi rin gbingbin. Ó bínú sí mi di ìparí sáà.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Bàbá, kaféènì inú obì náà ló ń ṣiṣẹ́ o, bíi ti kọfí. Fún àgbàlagbà tára rẹ̀ le, kó má kọjá 400 mg lóòjọ́.

Ìyá Ìbejì Leeds
Hẹn! Èyí tí wọ́n fi sábẹ́ awọ apá gan-an ni mò ń lò, ọkọ mi sì ń bọ̀ níbí ní Kérésì. Ìbejì tó wà nílẹ̀ ti tó mi. Mo ti dá káàdì padà fún ẹni tó ni ín. Mo kọ̀wé sí olùkọ́ mi pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un fún mi, wọn ò tíì dáhùn. Mo sì ti fi iṣẹ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, owó á fún mi lọ́rùn díẹ̀. Bàbá Ṣàgámù, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gbànja ní Leeds?