Greenhouse àlòkù, fífẹ̀ mítà 8, gígùn mítà 24: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra greenhouse kan (ilé onípáìpù tí a fi náílọ́ọ̀nù bò, tí a ń gbin nǹkan sínú rẹ̀), kí a tú u, kí a sì tún un tò níbòmíràn. Páìpù rẹ̀ ṣì le, àfi ìsàlẹ̀ tí wọ́n rì mọ́ kọnkéré, ibẹ̀ ti ń dípẹtà. Ṣé kí a hú kọnkéré náà ni, àbí kí a gé páìpù lókè rẹ̀, ká jó ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ọn? Ìbẹ̀rù mi ni pé bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, òrùlé á wọ́. A óò fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára páìpù kọ̀ọ̀kan kí a tó tú u.

Náílọ́ọ̀nù ti gbó, ó ń ya bíi bébà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní san kọ́bọ̀ lé e.

Tòmátò ibẹ̀ rọ, ó kú ní tútù. Bó bá jẹ́ àrùn ló pa á, kó má baà bá páìpù wá, ṣé kí n fọ páìpù pẹ̀lú bílíìṣì, àbí kí n kàn fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù?