Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà fún ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, àbí fóònù ti tó?

Ìyá Onírẹsì, Arákálẹ̀
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìrẹsì, ẹ̀wà, gaàrí àti epo ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ wà ní Arákálẹ̀ níbí ní Àkúrẹ́, èkejì sì wà nítòsí géètì FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú wa, níbi tí àbúrò mi obìnrin ti ń bá mi tajà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mú owó lọ́wọ́ mọ́, tìráńsífà ni wọ́n ń ṣe, fóònù tèmi sì ni álẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí, nítorí náà àbúrò mi gbọ́dọ̀ pè mí kí ó tó lè gbé ọjà fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Bí n kò bá gbọ́ ìpè, oníbàárà á bínú lọ, tàbí kí ó fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ hàn án pé òun ti sanwó. Yàtọ̀ sí èyí, inú ìwé ni a ń kọ ọjà àti àwìn sí ní ibi méjèèjì, a kì í sì í ráyè fi ọ̀kan wé èkejì àfi lọ́jọ́ Àìkú. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ wá ní kí n ra kọ̀ǹpútà kan sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ètò ìtajà tí òun yóò fi sínú wọn. Owó ńlá ni. Ṣé ó yẹ kí n ná an?

Akọ̀wé Owó, Aláàgbàkà
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kò ní yanjú ìyẹn. Àwòrán ojú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí pé owó wọlé. Àtẹ̀jíṣẹ́ álẹ́ẹ̀tì gan-an kì í ṣe ẹ̀rí, torí pé àwọn oníjìbìtì mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ báǹkì ránṣẹ́ láìjẹ́ pé báǹkì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Iye tí ẹ bá rí nínú àkáǹtì nígbà tí ẹ ṣí i wò ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba ẹ̀rọ POS kan fún ṣọ́ọ̀bù FUTA, kí ẹ sì béèrè irú èyí tó ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, tí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ yóò máa hàn lójú ẹ̀rọ náà. Àbúrò yín yóò fúnra rẹ̀ rí i pé owó ti dé, láìpè yín, láìmọ nọ́ńbà àṣírí yín. Bí owó bá kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà tí kò sì dé, kí ó má gbé ọjà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bá a jà, nítorí ó lè jẹ́ òótọ́ ni ó ń sọ. Lórí rìsíìtì tìráńsífà láti báǹkì kan sí òmíràn, nọ́ńbà gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní session ID, tí ó ní dígíìtì 30. Ó ti inú NIP wá, ìyẹn ètò tìráńsífà ojú ẹsẹ̀ ti NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, èyí tí àwọn báǹkì wa ti ń lò láti 2011, òun sì ni báǹkì oníbàárà yóò fi tọpa owó náà.

Oníkọ̀ǹpútà, Ìjàpọ̀
Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, n kò sì ní sọ pé kò wúlò. Síbẹ̀, ẹ bi ọkùnrin yẹn pé níbo ni àkọsílẹ̀ yín yóò máa wà. Bí ó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ nìkan ni, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ tún bi í bóyá ẹ lè kó àkọsílẹ̀ náà jáde sínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́, torí bí kò bá ṣeé ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ ó máa wà títí, iye tó bá sì bù lé yín lọ́dún tó ń bọ̀ ni ẹ ó san. Ẹ má sì gbàgbé iná: kọ̀ǹpútà orí tábìlì á kú lójijì bí wọ́n bá mú iná lọ, ohun tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ sì lè bá a lọ, ṣùgbọ́n fóònù ní bátìrì tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òǹdó
Oúnjẹ ni èmi náà ń tà, ìyá mi, ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti máa ń yọ wá lẹ́nu ni pé àpò la fi ń rà, kóńgò la fi ń tà. Google Sheets, ìwé ìṣirò alátẹ ti Google, ni mò ń lò lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣeé kọ nǹkan sí nígbà tí kò sí dátà bí a bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi kóńgò tí ẹ ń lò gan-an wọn odidi àpò kan, torí kóńgò kò dọ́gba láti ọjà dé ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ àpò tó wọlé, kóńgò tí ẹ tà, owó tí ẹ gbà àti àwìn, ní alaalẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀ní tí ẹ ń fi lé e fún oníbàárà àti èyí tó dà sílẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ìwọ̀nyí, ọjà yóò máa dín, ẹ ó sì máa fura sí àbúrò yín láìjẹ̀bi.

Ìyá Onírẹsì, Arákálẹ̀
Ọ̀rọ̀ ẹ̀ní yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Bí fóònù bá wá sọnù ńkọ́? Bí ẹnì kan bá sì yí ohun tí a ti kọ padà?

Oníkọ̀ǹpútà, Ìjàpọ̀
Kì í ṣe inú fóònù nìkan ni Sheets ń wà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Google ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ ó sì bá a lórí fóònù mìíràn. Ó tún máa ń pa ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá mọ́, tí ẹ bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó yí i. Nítorí èyí, ẹ má fún àbúrò yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín, àdírẹ́sì Google tirẹ̀ ni kí ẹ fi fún un láàyè láti kọ̀wé síbẹ̀. Ìwé àwìn ní tirẹ̀, ẹ fi sí ọ̀tọ̀, ẹ má sì gbé orúkọ ajẹgbèsè sórí WhatsApp láé. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 dáàbò bo àwọn náà. Ẹ tún fi PIN, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí, sórí síìmù, torí olè lè yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, kí ó sì máa fi gba àwọn nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì ń fi ránṣẹ́.

Ìyá Onírẹsì, Arákálẹ̀
Ẹ ṣeun púpọ̀. N ó sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó ní sùúrù, n ó sì béèrè ẹ̀rọ POS ṣáájú. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀dà Sheets yín ránṣẹ́, kí n wo bí ẹ ṣe tò ó.

Ìyá Ìbejì, Òǹdó
Mo ti fi ránṣẹ́, mo ti yọ orúkọ àwọn oníbàárà mi kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ṣí ojú-ìwé mìíràn fún epo, torí kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 la fi ń rà á, ìgò la sì fi ń tà á. Bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ti kóńgò, ìṣirò náà kò ní jáde.