Òórùn ẹja ò kúrò lára pákó tí mo fi ń gé ẹran

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ pákó tí mo fi ń gé ẹran, mo fọ̀ ọ́ títí òórùn ẹja ò lọ, ó tún ti ń dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá wọn wá ní kí n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Àǹtí Olóúnjẹ:
Háà, ẹ má rẹ ẹ́ o! Igi á mumi, á wú, tó bá gbẹ á là. Ẹ bu iyọ̀ sójú ẹ̀, kẹ́ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì kẹ́ẹ fi ha á dáadáa, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ojú méjèèjì, kẹ́ẹ gbé e nàró síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má sá a sóòrùn. Tẹ́ẹ bá gé adìyẹ tútù lórí ẹ̀, ṣíbí ìjẹun kan Hypo nínú omi lítà 4 ti tó, kẹ́ẹ dà á sójú ẹ̀, kẹ́ẹ wá fi omi lásán ṣan án.

Onípákó Bódìjà:
Igi wo ni ná? Tó bá jẹ́ arère, ó rọ̀ jù, ojú ọ̀bẹ á ti pọ̀ lára ẹ̀, igi àpá ló le. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tó dúdú yẹn. Tó bá gbẹ tán ẹ ra liquid paraffin ní kẹ́mísì kẹ́ẹ fi pa á, kì í ṣe òróró ẹ̀pà o, ìyẹn á padà máa rùn.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an o. Bàbá wọn ti kà á, wọ́n láwọn ò sọ nǹkan kan 😂