"Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru" kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé nípa bí èèyàn ṣe lè yan ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ BP (blood pressure) wò nílé ní kí á fẹnu kò sórí "ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru", nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò lè bá yín fọwọ́ sí i.

Orúkọ yẹn gan-an ni mo pè é nígbà tí mo ra ọ̀kan lọ fún màámi n'Íbàdàn. Wọn ò tiẹ̀ ṣí páálí rẹ̀. "Èmi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gbé e lọ fún ẹni tó bá ní in." Wọ́n kúkú jàre. Ohun tó bá ń ru, ó ti kúrò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìyẹn, bí òkun ṣe ń ru. Orúkọ àìsàn ni. Ohun tí ẹ̀rọ yìí sì ń wọ̀n kì í ṣe àìsàn: ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 115 lórí 75 ní in, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 160 lórí 100 náà ní in. Ta ló ń pe tẹmọ́mítà ní ẹ̀rọ ibà?

Kí la wá fẹ́ máa pè é? Ẹnì kan dábàá "agbára ẹ̀jẹ̀". Ẹ lọ sọ fún àgbàlagbà pé agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, kí ẹ wò ó bóyá kò ní dúpẹ́. "Ìtì ẹ̀jẹ̀" ń kọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Èyí tó ṣòroó gbé jù sílẹ̀ ni "ìfúnpá ẹ̀jẹ̀", torí àwọn tó ń kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń lo ìfúnpá. Fún àti ipá ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n fún àti apá ni etí ń gbọ́: ìfúnpá tí àwọn bàbá wa ń fi awọ rán, tí wọ́n ń so mọ́ apá. Ó sì wá pa mí lẹ́rìn-ín pé apá ni ẹ̀rọ náà ń fún lóòótọ́! Mo dán an wò lẹ́nu ìyá ìjọ kan ládùúgbò wa. Wọ́n fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn: "Ta ló fẹ́ so ìfúnpá mọ́ mi?"

"Ipá ẹ̀jẹ̀" ni mo fara mọ́. Ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni, kò sọ pé ó ga, kò sọ pé ó lọ sílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé àwọn tó ń tẹ̀wé kì í fi àmì sí i, ó sì lè di ipa ẹ̀jẹ̀ tí ọdẹ ń tọ̀ nínú igbó. Bí "ìwọ̀n" bá ti ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà: ẹ̀rọ ìwọ̀n ipá ẹ̀jẹ̀. Ó gùn, mo mọ̀. Inú ìwé ló wà fún. Nínú ilé, "ẹ bá mi yẹ BP mi wò" ni a ó ṣì máa wí, n ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Aṣọ tó ń wú, tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ńkọ́, tí ẹ pè ní "ìwépá"? Ọ̀já apá ni kí ẹ pè é, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin tó ti pọnmọ rí mọ̀ pé ọ̀já tó kéré kò ṣeé lò, ohun tí ìwé yín sì fẹ́ kọ́ wọn gan-an nìyẹn. Bí ọ̀já apá bá kéré sí apá, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí ara rẹ̀ dá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Kí wọ́n mú téèpù aránṣọ, kí wọ́n fi wọn ìyíká àárín apá lókè ìgúnpá kí wọ́n tó lọ rà á. Sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ páálí, apá tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á wá èyí tó tóbi. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹ má fi ṣe àkọ́kọ́: bí ọwọ́ kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ọkàn, irọ́ ló máa pa.

"Tòkè" àti "tìsàlẹ̀" tí ẹ fi sílẹ̀ fún iye méjèèjì, ẹ ronú sí i. Màámi bi mí bóyá ẹsẹ̀ ló ni tìsàlẹ̀. Ọkàn a máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde bí ẹni fún aṣọ, a sì máa sinmi. Ẹ jẹ́ ká ní "ti fífún" àti "ti ìsinmi", ká tó fi tòkè àti tìsàlẹ̀ ṣe àlàyé. Níbi tí ẹ sì ti kọ 140 lórí 90 pé ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀, ti ilé ìwòsàn nìyẹn. Ti ilé jẹ́ 135 lórí 85.

Ọ̀kan tó kù ni "validated", ìyẹn ẹ̀rọ tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé iye tó ń gbé jáde péye. Ẹ kọ ọ́ pé "èyí tí wọ́n ti dán wò". Wọ́n lè dán ọmọ wò kó fìdí rẹmi. Irú ẹ̀rọ tó wà nínú àkójọ STRIDE BP, níbi tí àwọn onímọ̀ ń to orúkọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí, kì í ṣe pé wọ́n dán an wò nìkan, ó yege ni. Ṣé "ẹ̀rọ tó yege" á tó, àbí ó ti jọ ọ̀rọ̀ WAEC jù?