Èédú kì í sẹ́ omi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ fèsì sí: pé kí á máa pe gbogbo ẹ̀rọ tó ń tún omi ṣe fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní "asẹ́ omi", kí á sì pe ìtọ́jú náà, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, ní "ìsẹ́jẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún làálàá yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yàrá omi gan-an, níbi tí a ti ń tún omi fífọ ẹ̀jẹ̀ ṣe, ni mo ń ṣe jẹun ní Amẹ́ríkà níbí, mi ò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìyá ológì. Ó so aṣọ mọ́ ẹnu ìkòkò, ó da àgbàdo lílọ̀ sí i, ó ń bu omi lé e, ó ń fọwọ́ rò ó. Ògì sọ̀ kalẹ̀, èérí kù sórí aṣọ. Ohun tó bá tóbi ju ojú asẹ́ lọ kò lè kọjá. Irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ ni omi kọ́kọ́ ń bá pàdé lọ́dọ̀ wa, ó ń dá yanrìn àti ìpẹtà dúró. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà.

Àgbá èédú, ìyẹn àgbá tí èédú kún inú rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá, ni kò bá a mu. Kilorínì àti kiloramíìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kéré kọjá ohun tí ojú asẹ́ èédú lè dí lọ́nà. Èédú ń bá wọn jà ni, ó ń sọ wọ́n di nǹkan mìíràn tí kò lóró mọ́. Ẹni tó mu omi tí kiloramíìnì ṣì wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, omi bíi lítà 120 ló ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 4, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló là wọ́n. Bí kiloramíìnì bá ṣẹ́kù nínú omi náà, á gba ibẹ̀ wọlé, á máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 0.1 nínú lítà kan.

Kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó jókòó láàárọ̀, mo ti bu omi láàárín àgbá èédú kìíní àti ìkejì. Màá da oògùn àyẹ̀wò sí i nínú ìgò kékeré, màá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, agbára èédú kìíní ti ń tán nìyẹn. Omi ọ̀hún mọ́ gaara lójú o. Bí nọ́ọ̀sì bá wá bi mí pé ṣé wọ́n ti sẹ́ omi, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé mo ti dáhùn ohun tó fẹ́ mọ̀?

Màmá kan tó ń gbàtọ́jú lọ́dọ̀ wa ló yanjú ẹ̀ fún mi. Wọ́n bi mí pé kí ni èédú ń wá nídìí omi, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé aporó ni, ọmọ mi." Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú tó bẹ́ẹ̀. Èédú aporó, àgbá aporó: ohun tí mo fara mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ, tí iyọ̀ àti álúmínọ́ọ̀mù ń kù sẹ́yìn, sún mọ́ sísẹ́, ṣùgbọ́n ó tún jọ àpò gbáàgúdá tí a gbé òkúta lé, tí omi ń sun jáde. "Ìtẹ̀sẹ́" ńkọ́?

Ní ti "ìsẹ́jẹ̀", ẹ jẹ́ kí á fi "fífọ ẹ̀jẹ̀" sílẹ̀ bó ṣe wà lẹ́nu ará ilé. Ohun tí à ń fẹ́ nínú ògì ló ń gba asẹ́ kọjá. Níbí, ìdọ̀tí ló ń kọjá, ẹ̀jẹ̀ ló ń dúró. "Fífọ kíndìnrín" ni kí á jáwọ́ nínú rẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kíndìnrín.

Ó ku àgbá kan tí mi ò rí orúkọ fún, èyí tó ń gba kálísíọ́ọ̀mù lọ́wọ́ omi tó ń fi sódíọ́ọ̀mù rọ́pò. Omi kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò yín?