Ara mi kì í kúrò lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún bí mo bá ń gbá gọ́ọ̀fù

OmoAlare:
Ẹ̀yin àgbà pápá, mo kí yín o. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá. Bí mo bá mú ọ̀pá onírin tí à ń pè ní iron 7, ọ̀pá á kọ́kọ́ ha ilẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù. Ti driver, ọ̀pá gígùn tí à fi ń gbá a jìnnà, ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ń tẹ̀ sí. Bí mo bá gbá a tán, mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n máa gbé ara sósì; mo ṣe é, orí bọ́ọ̀lù ni mo wá ń bà. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ pupa tó le, ni mo ti ń dánra wò. Kí ni kí n ṣe?

BabaCaddy_Sagamu:
Àbúrò, èjìká lo ń tì sósì. Bí orí àti èjìká bá ti kọjá bọ́ọ̀lù, ọ̀pá ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán nígbà tó bá débẹ̀, orí bọ́ọ̀lù ló máa bà.

Abẹ́ ẹsẹ̀ ni kó o ti máa wá a. Ya ẹsẹ̀ tó ìbú èjìká. Fún iron 7, kí ìwúwo ara pín dọ́gba. Fún driver, kó pọ̀ díẹ̀ lọ́tùn-ún, bíi 55 nínú 100. Kó wà lábẹ́ ibi tí à ń so okùn bàtà, má jẹ́ kó lọ sí gìgísẹ̀ tàbí ọmọ ìka. Yí orí ẹsẹ̀ òsì síta díẹ̀, bíi dígírì 20 sí 30, kí ìbàdí lè ráyè yí.

Bí ọ̀pá bá ń lọ sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó ti wúwo. Bí ẹ̀gbẹ́ ìta bàtà bá ń tẹ ilẹ̀, ìbàdí ti rọ́ lọ dípò kó yí, kò sì ní tètè padà. Ki bọ́ọ̀lù kan sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìta bàtà ọ̀tún, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ dà síta.

Èyí tó ṣe kókó jù: kí ọ̀pá tó dé òkè tán ni kí ẹsẹ̀ òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀. Ẹni tó ń sọ òkò, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ á ti balẹ̀ kí ọwọ́ tó bọ̀. Bó bá di pé ọ̀pá ti ń bọ̀ nílẹ̀ kó o tó rántí òsì, ó ti pẹ́.

RemoFairway:
Òótọ́ ni Bàbá sọ, àmọ́ ilẹ̀ yẹn náà ń tàn yín jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pá tó bá kan ilẹ̀ pupa lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kì í wọlé. Ńṣe ló ń ta padà, á wá lọ ba orí bọ́ọ̀lù. Àṣìṣe àkọ́kọ́ yẹn náà lè ṣì ni.

Ẹ da yanrìn bíríkìlà sílẹ̀, kó nípọn tó ínǹṣì 2, kẹ́ ẹ fa ìlà síbi tí bọ́ọ̀lù ì bá wà. Ẹ fi iron 9, tó kúrú ju iron 7 lọ, gbá a láìsí bọ́ọ̀lù, ní ìlàjì agbára. Ojú ìlà tàbí iwájú rẹ̀ díẹ̀, lápá òsì yín, ni kí àpá ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn ìlà, ara ṣì wà lọ́tùn-ún. Bó bá ju ínǹṣì 4 lọ síwájú, èjìká lẹ tún tì.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀pá bá ń lọ sókè, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, síhà ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kẹ́ ẹ tó gbá a. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí kò bá ṣeé gbé, ara ò tíì dé òsì.

OmoAlare:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ẹsẹ̀ báyẹn, mò ń fẹ́ wó síwájú sórí ọmọ ìka.

AuntyIperu:
Ẹ jìnnà sí bọ́ọ̀lù jù nìyẹn, tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ jù. Kí apá rọ̀ tààrà láti èjìká, kí àyè tó wà láàárín ìdí ọ̀pá àti itan tó ìbú ọwọ́ kan. Kẹ́ ẹ tó gbá, ẹ gbé ọmọ ìka sókè nínú bàtà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣubú, ẹ dá ara padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó ń wó síwájú ni ọrùn ọ̀pá máa ń kan bọ́ọ̀lù, á sì fò lọ sọ́tùn-ún gan-an.

Ẹ wo eyín bàtà náà. Bó bá ti jẹ tán, kò sẹ́ni tó lè ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko tó ní ìrì.

BabaCaddy_Sagamu:
Má sì fi driver ṣe ti gbígbé ẹsẹ̀ yẹn o, títí iron 9 á fi mọ́ ẹ lára.