Mo fẹ́ ra bitcoin fún ìgbà àkọ́kọ́, ibo ni kí n gbà wọlé?

Ọmọ Òkè-Fìà, Manchester: Ẹ̀yin ará Òròkí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní £100 tí mo fẹ́ fi ra bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọmọ àǹtí mi kan tó ń ta fóònù ní Ọláìyá ló ń rọ̀ mí ṣáá. Ẹnì kan tún wà lórí Telegram tó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ sóun, òun á bá mi rà á, òun á sì máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Àbúrò mi, gbájúẹ̀ ni ẹni Telegram yẹn. Má tiẹ̀ dá a lóhùn. Orúkọ tìẹ, ìwé ìrìnnà tìẹ, àkáǹtì báǹkì tìẹ ni wọ́n fi ń ra nǹkan yìí. Ẹni tó bá ní òun á bá ẹ rà á, owó ẹ ló fẹ́ gbà.

Ọmọ Òkè-Fìà, Manchester: Ẹ ṣé mà. Mo ti dínà mọ́ ọn.

Ọmọ Aláró, Birmingham: Àbúrò, kí n tó sọ bí wọ́n ṣe ń rà á, ìbéèrè kan: tó o bá rà á tán, báwo lo ṣe máa sọ ọ́ di owó padà? Gbogbo èèyàn ló ń wádìí bí owó ṣe ń wọlé, ìwọ̀nba ló ń bèèrè bó ṣe ń jáde. Ẹnu ìjáde yẹn gan-an làwọn oníjìbìtì sì máa ń dúró sí. Wọ́n á jẹ́ kó o máa rí èrè lójú fóònù, ọjọ́ tó o bá ní o fẹ́ gbowó, wọ́n á ní kó o kọ́kọ́ san owó orí, lẹ́yìn ìyẹn owó ìdánimọ̀, lẹ́yìn ìyẹn òmíràn. Pàṣípààrọ̀ gidi, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra bitcoin tí wọ́n sì ti ń tà á, kì í ní kó o fowó tuntun wọlé kí ti àtijọ́ tó lè jáde.

Tóò. Ní UK níbí, lọ sójú ìkànnì FCA, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ owó, fúnra ẹ, kó o wo ìwé orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ kírípítò (bitcoin àtàwọn irú ẹ̀) tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Fọwọ́ ara ẹ tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà, má tẹ líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́, títí kan èmi. Tó o bá rí orúkọ pàṣípààrọ̀ tó o fẹ́, ṣí àkáǹtì. Wọ́n á ya ìwé ìrìnnà tàbí láísẹ́ǹsì awakọ̀ ẹ, wọ́n á tún ní kó o ya fọ́tò ojú ara ẹ. Rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti báǹkì ẹ mu, nítorí àwa Yorùbá àti orúkọ mẹ́rin mẹ́rin wa! Tí báǹkì bá mọ̀ ẹ́ sí orúkọ kan, tí pàṣípààrọ̀ mọ̀ ẹ́ sí òmíràn, owó lè há.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, òfin FCA ní kí ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ dúró fún wákàtí 24, ó kéré tán, kó tó lè rà. Wọ́n á tún bi ẹ́ láwọn ìbéèrè kéékèèké láti mọ̀ bóyá ewu ẹ̀ yé ẹ. Àwọn kan ń bínú sí ìdúró yẹn. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí ìkánjú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣòfò níbí.

O ò ní láti ra odindi bitcoin kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ pín sí mílíọ̀nù 100, satoshi ni wọ́n ń pe ẹyọ ẹ̀. Torí náà £100 tó, £10 pàápàá tó níbòmíì.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹ àwọn tuntun lówó láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni bọ́tìnì ńlá tí wọ́n kọ "Buy" sí. Iye tó máa gbé wá fún ẹ ti ga díẹ̀ ju iye tó wà lọ́jà lọ, wọ́n á sì tún gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ pàṣípààrọ̀ ló ní ojú ìwé mìíràn táwọn oníbàárà ti ń tà fún ara wọn. Ojú ìwé yẹn rí jágajàga, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń yọ níbẹ̀ kéré. Bó o bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń jẹ, wo iye bitcoin tí £50 máa rà fún ẹ, kó o wo iye owó tí wọ́n máa fún ẹ tó o bá tà á lójú ẹsẹ̀. Àlàfo àárín wọn ni tiwọn. Fi tirasífà báǹkì sanwó, káàdì máa ń wọ́n jù ú lọ. Báǹkì tìẹ lè dá owó náà dúró pé àwọn fẹ́ bi ẹ́ léèrè. Má jẹ́ kó já ẹ láyà, sọ òótọ́ fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Fi ti ààbò kún un o.

Ọmọ Aláró, Birmingham: Mo ń bọ̀ níbẹ̀, Ìyá Ìbejì. Má lo kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí SMS, torí àwọn kan ń jí nọ́ńbà èèyàn gbé sórí síìmù tiwọn. Áàpù tó ń pèsè kóòdù ni kó o lò. Páásíwọ̀ọ̀dù ìmeèlì ẹ pàápàá, yí i padà kó le, torí ẹni tó bá wọ ìmeèlì ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbogbo ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kan tó o kó o lọ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì tara ẹ, ìyẹn áàpù tàbí ẹ̀rọ tí ìwọ fúnra ẹ fi ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Orí bébà ni kó o kọ ọ́ sí. Kò sí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀. Fún £100, èmi ò rí ìdí tó o fi máa kó o kúrò níbi tó o ti rà á, ṣùgbọ́n mọ̀ pé tí pàṣípààrọ̀ bá wó, FSCS tó ń dá owó báǹkì padà kò ní dá èyí padà. Nígbà tí FTX, pàṣípààrọ̀ ńlá kan, wó lóṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn oníbàárà ń wo owó wọn lójú fóònù, wọn ò sì rí i yọ.

Ọmọ Òkè-Fìà, Manchester: Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé mo lè fi USDT, kírípítò tí iye ẹ̀ ń bá dọ́là rìn, ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Òṣogbo dípò àwọn áàpù tó ń fowó ránṣẹ́?

Bàbá Ìgbónà, Òṣogbo: Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú àjò. Èmi tí mo wà nílé ni kí n dáhùn èyí. Ní oṣù kejì 2021, CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí báǹkì ti àkáǹtì àwọn oníkírípítò pa. Oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó tú u. Láti ọdún 2025, òfin tuntun ti fi í sábẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà. Nítorí náà kì í ṣe èèwọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n P2P ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa fi ń sọ ọ́ di náírà: ẹni tó ń rà yóò fi náírà sínú báǹkì rẹ, ìwọ yóò sì tú USDT sílẹ̀ fún un. Àláàtì ayédèrú ni àrùn ibẹ̀. Kí àbúrò rẹ ṣí áàpù báǹkì rẹ̀, kó rí owó náà nínú àkáǹtì, kó rí i pé orúkọ ẹni tó san án ni orúkọ tó wà lórí P2P, kó tó tú nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ rántí CBEX, ayédèrú ilé ìdókòwò kírípítò tí kò jẹ́ káwọn èèyàn rí owó wọn yọ ní oṣù kẹrin 2025, táwọn tínú ń bí sì ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn. Ṣebí wọ́n ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan!

Ọmọ Aláró, Birmingham: Ẹ ṣé, Bàbá. Àbúrò, kí ìwọ àti àbúrò ẹ jọ fẹnu kò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìyẹn ọ̀nà tí USDT náà máa gbà, kó o tó fi í ránṣẹ́. USDT tó wà lórí Tron, T ni àdírẹ́sì ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Ethereum, 0x ni. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn tún ń lo 0x, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Kò sí báǹkì tó máa bá ẹ dá a padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó oúnjẹ màmá lo fẹ́ fi ránṣẹ́, lo àwọn áàpù tó o ti ń lò tẹ́lẹ̀. Màmá ò nílò wàhálà P2P.

Ọmọ Ayétòrò, Calgary: Owó orí ńkọ́? Ní Kánádà níbí, ìdajì èrè ni wọ́n ń kà mọ́ owó tó wọlé fúnni.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Tiwa níbí, £3,000 lèrè tí wọn kì í gba owó orí lé lórí lọ́dún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé tó o bá fi bitcoin ra USDT, HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní UK, kà á sí títà. Tó o bá fi ta àbúrò ẹ lọ́rẹ, títà náà ni lójú wọn. Ti ọkọ tàbí aya ò sí lára ẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní 2026, àwọn pàṣípààrọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa kó àkọsílẹ̀ oníbàárà jọ fún HMRC. Kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà, Manchester: Mo ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní ó di ọ̀la. Ṣé kí n rà á tán lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọmọ Aláró, Birmingham: Rárá o. £20 ni kó o rà lọ́la. Ta ìdajì ẹ̀, kó o dá owó náà padà sí báǹkì ẹ. Tó bá ti dé, wá kọ ọ́ síbí, iye tó jáde àti iye tí wọ́n yọ, kí àwọn tó ń kà á láìsọ̀rọ̀ lè fi ṣírò tiwọn.